Ìyá Oníléèsì ti Alençon

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Kátólíìkì nílẹ̀ Yorùbá, bí ìyá àgbà kan bá papò dà, ìwé pẹlẹbẹ kan a máa jáde fún ìsìn ìsìnkú rẹ̀, wọn a sì kọ ìtàn ìgbésí-ayé olóògbé sí ojú ewé kejì tàbí ìkẹta. Mo ti bá àwọn ẹbí bíi mélòó kan kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, mo sì ti mọ ibi tí yóò gbà kí n tó mú gègé: ìyá jẹ́ onírẹ̀lẹ̀, kì í pa Mísà jẹ, rosari kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún ọkọ, ó tọ́ ọmọ yanjú. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ orúkọ kúrò, ìwé kan náà tó sin ìyá mẹ́wàá. Ohun tó ń tà, ẹni tó jẹ ẹ́ lówó tí kò san, ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ọmọ tí kò jẹ́ kó rí oorun sùn, àárẹ̀ rẹ̀ àti ìbínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a ń gbójú fò, bí ẹni pé wọn yóò tàbùkù ìwà mímọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jìnnà sí ọ̀rọ̀ Zélie Martin, obìnrin ará ilẹ̀ Faransé tí Póòpù Francis kéde ní ẹni mímọ́ ní Róòmù ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, òun àti Louis ọkọ rẹ̀. Àwọn ni tọkọtaya àkọ́kọ́ tí Ìjọ kéde pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin wọn tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ìyẹn Tẹ̀rẹ́sà ti Lisieux, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ìjọsìn àti ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ wa. Èmi náà, nípasẹ̀ ọmọ ni mo fi mọ ìyá. Ìyá yìí fi lẹ́tà tó lé ní igba sílẹ̀, tó kọ sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, sí ìyàwó àbúrò rẹ̀, àti sí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà nílé-ẹ̀kọ́. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yóò kà wọ́n ní gbangba, nítorí náà kò tún ara rẹ̀ ṣe nínú wọn. Bí o bá fẹ́ mọ iye tó san fún iṣẹ́, ẹni tó mú inú bí i, tàbí bí oorun ṣe ń kùn ún lórí abẹ́rẹ́, ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1831 ni wọ́n bí i, ní Gandelain, abúlé kan ní Normandy. Ológun ni bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó di ọlọ́pàá. Ìyá rẹ̀ le, ó le débi pé Zélie kò ní bèbí kan ṣoṣo rí ní kékeré bó ṣe wù ú tó, àgbàlagbà ni nígbà tó kọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀ pé ìgbà èwe òun kò ládùn rárá. Mo fẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, torí pé obìnrin tí wọn kò kẹ́ yìí kẹ́ ọmọ tirẹ̀ ju bí àṣà ìgbà náà ṣe fàyè gbà lọ.

Sísítà ló fẹ́ dà. Ó tọ àwọn Sísítà ti Vincent de Paul lọ, àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ní ìlú Alençon, ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn sọ fún un pé kì í ṣe ibẹ̀ ni Ọlọ́run pè é sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọ ilé àwọn Sísítà Visitation ní Le Mans ní tirẹ̀, òun sì padà sílé. Ó wá bẹ Ọlọ́run pé bí òun kò bá ní í jẹ́ Tirẹ̀ lọ́nà yẹn, kí Ó jẹ́ kí òun bí ọmọ púpọ̀, kí gbogbo wọn sì jẹ́ Tirẹ̀. Ní ọjọ́ àjọ̀dún Wúndíá Màríà, ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1851, bó ṣe jókòó ti iṣẹ́, ó gbọ́ ọ lọ́kàn ara rẹ̀ kedere pé kí ó gbájú mọ́ iṣẹ́ léèsì Alençon. Kò tíì pé ẹni ọdún méjìlélógún nígbà tó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní òpópónà Saint-Blaise.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé léèsì tí a ń rà ní yáàdì márùn-ún fún òde ìnáwó ni mo ń wí o. Ẹ̀rọ ló ń ṣe ìyẹn. Ti Alençon, abẹ́rẹ́ àti òwú tín-ínrín nìkan ni, lórí awọ tí wọ́n ti ya àwòrán sí tí wọ́n sì ti fi abẹ́rẹ́ lu ihò tẹ̀ lé ìlà rẹ̀. Ohun tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó lè gba nǹkan bíi wákàtí méje. Obìnrin kan kì í dá a ṣe tán: ẹnì kan ń ṣe ìpìlẹ̀, ẹlòmíràn ń ṣe òdòdó, ẹlòmíràn ń kún àlàfo, kálukú pẹ̀lú ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dá. Ní ọdún 2010, UNESCO fi iṣẹ́ náà sára àwọn ogún àṣà àgbáyé.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tó nira jù nínú ọ̀sẹ̀ Zélie. Ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún un láti ilé wọn máa ń wá, tí wọ́n á da ègé léèsì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí wọ́n á gba owó wọn, tí wọ́n á sì gba òwú àti iṣẹ́ tuntun. Òun ni yóò yẹ ègé kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó bá ní àbùkù, òun ni yóò tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, yóò wá máa so àwọn ègé wẹ́wẹ́ náà pọ̀ títí yóò fi di odidi kan, ojú ìsopọ̀ kò sì gbọdọ̀ hàn. Iṣẹ́ tó ṣòro jù lọ ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń ṣe é. Àwọn olówó Paris ló ń rà á. Nínú lẹ́tà kan, ó fi iṣẹ́ náà bú pé léèsì burúkú ni, òun ló sọ ayé òun di líle: bí iṣẹ́ bá pọ̀, òun di ẹrú, bí ọjà kò bá sì lọ, owó òun há síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tí òun wá títí kí òun tó rí yóò lọ bá ẹlòmíràn, ìrònú rẹ̀ á sì di àlákálàá lóru. Oníṣòwò wo nínú àwọn ìyá wa ni kò mọ ọ̀rọ̀ yìí? Ọjà tó wọlé tí kò tà, oníbàárà tó ní òun ń bọ̀ tí kò dé mọ́. Ẹni mímọ́ tó bú ọjà ara rẹ̀ sún mọ́ mi ju èyí tí wọ́n yà sára fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Iṣẹ́ léèsì náà ló sì mú ọkọ wọlé. Ìyá Louis Martin ń kọ́ léèsì ní Alençon níbi tó ti rí ọmọbìnrin yìí, ó sì wù ú fún ọmọ rẹ̀. Alágogo ni Louis, ó ń ta aago ó sì ń tún un ṣe. Òun náà ti fẹ́ wọ ilé àwọn mọ́ńkì lórí òkè Saint Bernard, wọ́n ní kó lọ kọ́ èdè Látìn ná. Àwọn méjèèjì pàdé lórí afárá Saint-Léonard, nígbà tó sì di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1858, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó náà gan-an, Zélie lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé àwọn Sísítà ní Le Mans, ó sì sunkún níbẹ̀ bí kò ṣe sunkún rí. Kò fi èyí pa mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi gbé bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kí fadá tó ń gba ìjẹ́wọ́ wọn tó là wọ́n lọ́yẹ̀. Nígbà tí ọmọ dé, ìyá náà kọ̀wé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé èrò àwọn yí padà, àwọn ọmọ ni àwọn ń wà láàyè fún, inú wọn sì ni ayọ̀ àwọn wà. Nígbà tó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Lisieux ní ọdún 1873, ó kọ lẹ́tà sí Louis, ó sì fọwọ́ sí i pé ìyàwó tó fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ọkọ yìí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọkùnrin ìjọ wa. Nígbà tí iṣẹ́ léèsì ìyàwó rẹ̀ gbòòrò ju iṣẹ́ aago tirẹ̀ lọ, Louis ta ṣọ́ọ̀bù aago náà fún ọmọ àbúrò rẹ̀, ó wá ń bá ìyàwó ṣe ìwé owó, ó sì ń gbé ọjà lọ sí Paris. Ọdún 1870 lèyí ṣẹlẹ̀. Mi ò rí i kà pé ó rò pé iyì òun dín kù.

Ọmọ mẹ́sàn-án ni Zélie bí láàárín ọdún 1860 sí 1873. Márùn-ún ló yè. Ohun tí tọkọtaya náà ń tọrọ lójú méjèèjì ni ọmọkùnrin kan tí yóò di àlùfáà, tí yóò lọ wàásù ní ilẹ̀ òkèèrè. Àkókò náà kúkú ni: ní ọdún 1868, àwọn fadá ẹgbẹ́ SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì fún ilẹ̀ Áfíríkà, láti Lyon wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó, àwọn tí ìran àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé ti ń retí. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1866, wọ́n sọ ọ́ ní Joseph. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Èkejì dé kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún sọ ọ́ ní Joseph. Ó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1868. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí bàbá Zélie fi kú. Ní oṣù Kejì ọdún 1870, Hélène, ọmọ ọdún márùn-ún, ṣàìsàn díẹ̀, ó sì kú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Mélanie-Thérèse tí kò tíì pé oṣù méjì kú, nítorí pé obìnrin tí wọ́n gbé e fún láti máa fún un lọ́mú fi ebi pa á.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn, kí ẹni tó ń kà á má bàa dá ìyá lẹ́jọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1865 ni Zélie ti ń kíyè sí kókó kan nínú ọmú rẹ̀, nígbà tó sì yá, kò lè fún ọmọ lọ́mú mọ́. Kò sí mílíìkì inú agolo tó ṣe é fọkàn tán nígbà náà. Àwọn ìyá ìgboro a máa wá obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, wọn a sì máa sanwó fún un. Nígbà tí Tẹ̀rẹ́sà dé ní oṣù Kìíní ọdún 1873, tí òun náà ń kú lọ, Zélie fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Semallé láti bẹ obìnrin oko kan tó ń jẹ́ Rose Taillé pé kó wá. Rose wò ọmọ náà, ó mi orí, ó ní ó ti pẹ́ jù. Síbẹ̀ ó gbé e lé ọmú. Zélie ti sá lọ sí yàrá lókè láti lọ gbàdúrà; nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ọmọ ń fà á. Nílé Rose lóko, láàárín màlúù àti koríko, ni ọmọ náà gbé fún ọdún kan àti díẹ̀ kó tó padà wálé.

Bí a bá ń kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, a máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìkíni rere ni. Àwọn ará Alençon náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kí i, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń sọ ni pé ìbá sàn kó má tiẹ̀ bí wọn rárá. Zélie kọ̀wé sí ìyàwó àbúrò rẹ̀ pé òun kò lè fara da ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ìyà àti àníyàn náà kò tó ayọ̀ ayérayé àwọn ọmọ òun, pé wọn kò sọnù, pé ayé kúrú, òun yóò sì rí wọn lókè. Kò sọ pé kò dun òun. Ibòmíràn nínú àwọn lẹ́tà náà, ìrora ọ̀hún hàn gbangba. Ó sì gbà pé àwọn ọmọ tó kú ṣì jẹ́ ará ilé: nígbà tí etí Hélène ń ṣọyún, tí gbogbo oògùn kùnà, Zélie ní kí ọmọ náà bẹ Joseph kékeré tó ti kú, etí náà sì gbẹ lọ́jọ́ kejì. Ìyá náà kò rí ohun ìyàlẹ́nu níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló bẹ àbúrò.

Ààrọ̀ kùtù, ní agogo márùn-ún ààbọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ti wà ní Mísà. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ náà ni àwọn ará oko máa ń wọ̀lú pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, Zélie a máa lọ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá ń ṣàìsàn wò. Owó iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1873, ó kọ̀wé sí Marie àti Pauline, àwọn ọmọ rẹ̀ àgbà, pé òun fẹ́ di ẹni mímọ́, pé kò ní í rọrùn, torí igi tí òun máa là pọ̀, ó sì le bí òkúta, àti pé ìbá sàn kí òun ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò tíì nira tó báyìí. Ẹ̀rín ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀.

Láàárín àwọn ọmọ márùn-ún tó yè, Léonie ló gba ìyá lómi lójú jù. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò le láti kékeré ni, kò gbọ́ràn, kò tètè mọ̀wé, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Sísítà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wà sì dá a padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Zélie fi ìfẹ́ bá a lò, ó fi líle bá a lò, kò sí èyí tó jọ. Ìgbà tó di ọdún 1877 ni àṣírí tú: ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ti wà nílé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń halẹ̀ mọ́ ọmọ náà ní kọ̀rọ̀, tó ń mú kó máa ṣe tirẹ̀ tí kò fi gbọ́ ti ìyá rẹ̀ mọ́. Ìyá tó ń jí láago márùn-ún tó sì ń sùn láago mọ́kànlá wà nínú ilé kan náà, kò mọ̀. Mo rò pé kò sí ibòmíràn nínú gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́ tó báyìí. Ó fẹ́ lé ọmọ-ọ̀dọ̀ náà lọ. Ẹni yẹn sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n jẹ́ kó dúró lórí àdéhùn pé kò gbọ́dọ̀ bá Léonie sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Àṣírí yìí tú nígbà tí ìyá fúnra rẹ̀ ti ń kú lọ. Ní òpin ọdún 1876 ni dókítà ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni kókó inú ọmú rẹ̀, pé ó ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe. Àwọn ìwé ìsìnkú wa yóò sọ níhìn-ín pé ó gba kámú. Òótọ́ ni dé àyè kan. Ṣùgbọ́n Zélie kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé nísinsìnyí tí òun rí ọ̀nà dé ọkàn Léonie, òun fẹ́ yè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí ọmọ náà. Ó bá Ọlọ́run dúnàá-dúrà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1877, ó kó Marie, Pauline àti Léonie, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lourdes, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń wọ inú omi ìsun láti wá ìwòsàn. Ìrìn àjò náà burú. Ó ṣubú, ọrùn rẹ̀ yẹ̀, rosari ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ní oṣù Kejì ọdún náà sọnù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wọ inú omi tútù náà, kò rí ìwòsàn. Pauline banú jẹ́ débi pé kò fẹ́ gbàdúrà mọ́; ìyá ló ń tu ọmọ nínú. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ Alençon, Louis, tó ti ń retí àrà láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, rí aláìsàn tó ń bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín bí ẹni tó rí ohun tó lọ gbà.

Àwọn lẹ́tà tó kẹ́yìn kúrú. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ léèsì nínú wọn, torí pé àwọn tó ti san àsansílẹ̀ ń retí. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù Kẹjọ, ó tún fipá lọ sí Mísà, wọ́n sì ní láti bá a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ṣí. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, ní nǹkan bí agogo méjìlá ààbọ̀ òru, ó kú, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Tẹ̀rẹ́sà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, bá ìdérí pósí náà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e dúró sí. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun dúró wò ó pẹ́, pé òun ní láti gbé ojú sókè kí òun tó lè rí i tán. Lẹ́yìn ìsìnkú, Céline, ẹ̀gbọ́n tó tẹ̀ lé Tẹ̀rẹ́sà lókè, di mọ́ Marie ó ní ìwọ ni ìyá mi, Tẹ̀rẹ́sà sì di mọ́ Pauline.

Louis kó àwọn ọmọ lọ sí Lisieux ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, kí ìyàwó àbúrò Zélie lè máa bá a bojú tó wọn. Gbogbo márààrún di sísítà. Mẹ́rin nínú wọn wọ ilé àwọn Kámẹ́lì ní Lisieux. Póòpù kéde Tẹ̀rẹ́sà ní ẹni mímọ́ ní ọdún 1925. Ọdún 1927 ni wọ́n fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ míṣọ́nnárì, iṣẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ tọrọ ọmọkùnrin fún.

Léonie gbìyànjú ilé àwọn sísítà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń jáde padà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ní ọdún 1899, ó wọ ilé Visitation ní Caen, kò sì jáde mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1941. Ní ọdún 2015 tí wọ́n kéde ìyá àti bàbá rẹ̀ ní Róòmù, ọdún náà ni bíṣọ́ọ̀bù àgbègbè Caen bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí láti kéde òun náà.